Ẹ Sọ Nọ́ńbà Tánkà Di Kùrukùru

Ẹ má sọ pé kí n jókòó, Bọ̀ọ̀dá, n ò jókòó! Ẹ wo nǹkan tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí láàárọ̀ yìí! Ṣé tánkà nìyẹn àbí òkìtì iyanrìn? Lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó ni tánkà náà tẹjú mọ́ ọn títí, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ọkọ̀ dà níbẹ̀?” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, Bọ̀ọ̀dá, àwa tí wọ́n ń da omi kẹ́míkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa!

Èmi ni mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri tí mo ya fọ́tò yẹn. Ó mọ́ kedere, ẹ̀yin gan-an lẹ ka nọ́ńbà ẹ̀ sókè, tí ẹ ń pariwo pé, “Ọwọ́ bà wọ́n!” Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí awakọ̀ wọn tó já tèmi gbà, tó là á mọ́lẹ̀. Mo ní ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kò séwu. Háà! Ẹ̀gbọ́n mi!

Kí lẹ wí? Fóònù kún? Kí ló kún inú ẹ̀? Fídíò bọ́ọ̀lù! Góòlù àná, góòlù èṣí, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, fọ́tò tí gbogbo àdúgbò gbójú lé lẹ wá dín kù títí tó fi kéré bí èékánná, ẹ sì pa ojúlówó ẹ̀ rẹ́! Ẹ ní ẹ ṣáà ní kí wọ́n tún un fẹ̀ nílé ìtẹ̀wé, pé bébà ọ̀hún fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ta ló sọ fún yín pé bí bébà bá ti fẹ̀, àwòrán mọ́ nìyẹn? Àmì tíntìntín ló kóra jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó di fọ́tò. Bí ẹ bá dín in kù, fóònù á da púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà nù. Bí ẹ bá wá ní kó padà tóbi, ibo ló ti fẹ́ rí èyí tó ti dà nù? Ìwọ̀nba tó kù náà lẹ̀rọ máa nà bíi rọ́bà. Ẹni tó gé agbádá ṣe fìlà, ṣé ó máa na fìlà kó padà di agbádá ni?

Kí n dákẹ́ kẹ̀? Ẹ lọ wo apá Màámi, bí awọ ṣe ń ṣí bí ọ̀dà ara ògiri. Ọmọ tiyín náà ńkọ́, tó ń họra títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ? Ṣé ẹ fẹ́ dín ìyẹn náà kù ni?

Ìgbìmọ̀ ní bí ẹlẹ́rìí mìíràn bá wà, kó yọjú lọ́sàn-án yìí. Èmi ti sọ tèmi, wọ́n ní ọmọ yunifásítì tí kò ríṣẹ́ ṣe ni mí, pé wàhálà ni mò ń wá kiri. Ẹ̀yin lẹ há nọ́ńbà yẹn sórí bí orúkọ ọmọ yín. Ẹ ò tíì pa á rẹ́ nínú orí yín, àbí ibẹ̀ náà ti kún?

Ẹ̀rù ń bà yín? Ẹ̀rù ń ba èmi náà! Mo fi Ọlọ́run búra, bí ẹ ò bá bá mi lọ, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún Màámi lójúkojú. Ẹ dìde. Ẹ wọ bàtà.