Orúkọ Tí Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà Kì í Pè

Rájí awakọ̀, ará Òkukù, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lọ́dún 1991, nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, bí a ṣe ń kúrò ní Inísà. Ara mi ṣì le nígbà náà, mo ń kó aṣọ lọ tà lọ́jọ́ ọjà. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́!

Ẹ̀gbọ́n mi ni Bọ̀ọ̀dá Ṣọ́jà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé wa n'Ìkìrun. Háà! Ọkùnrin yẹn le! Ṣé ẹ rò pé ẹ mọ òǹrorò? Ọjọ́ tí a sin ìyàwó rẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi dáná sun gbogbo aṣọ obìnrin náà. Ajá tó sìn fún ọdún mẹ́ta ń ṣàìsàn, ó yìnbọn fún un, ó wẹwọ́, ó jókòó, ó jẹun! Fúnmi ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ìwọ, panu mọ́! Ohun tí o bá dì mú ló máa fà ọ́ ṣubú. Tú ọwọ́ rẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó já a gbà."

"Ìwọ" ni o. Kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Fúnmi, "Ìwọ". Èmi, "Ìwọ". Ewúrẹ́, "Ìwọ". Tó bá ní "Ìwọ, wá jẹun", èmi àti ewúrẹ́ la jọ ń dìde! Ẹ̀yin òde òní ńkọ́? Ajá gan-an, orúkọ mẹ́ta…

Rájí wá sọ fún mi, ó ní, "Ìyá Aláṣọ, ẹ má dá bọ̀ọ̀dá yín lẹ́bi. Èmi àtàwọn la jọ jagun. Adéwálé àbúrò yín wà níwájú wa, létí odò. Bọ̀ọ̀dá yín rí ọ̀tá, wọ́n lọgun: 'Adéwálé!' Ó gbórí sókè kó lè dáhùn. Orí yẹn ni ọta bà."

Adéwálé wa! Wọ́n kàn sọ fún wa pé ogun gbé e lọ ni.

Mo pa á mọ́ra, títí Fúnmi fi bí ọkùnrin sí ilé ọkọ rẹ̀ n'Ínísà. Ó ku ọ̀la kí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, ó ránṣẹ́: "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí bàbá mi ò bá wá sọ ọmọ lórúkọ, àwọn àna mi á ní bàbá mi kọ ọmọ náà ni. Ojú wo ni mo fẹ́ fi gbé ilé yìí?"

Mo lọ bá a.

"Mi ò lọ," ló wí. "Orúkọ kẹ̀? Kí ikú lè mọ ẹni tó máa pè?"

"Bọ̀ọ̀dá, Rájí ti sọ fún mi."

Ó dìde fùú, ó fa kòbókò yọ! Mo ní, "Ẹ nà mí! Ṣùgbọ́n ọta ló pa á, orúkọ kọ́. Àwa tí a ò pè é mọ́, àwa la tún un sin."

Kòbókò já bọ́. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹbí ti tọwọ́ bomi, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ojú Fúnmi ti pọ́n. Àfi kò, kò, kò! Bàtà ṣọ́jà! Bọ̀ọ̀dá dé nínú káákì, ó lọ̀ ọ́ gán-ún! Ó tọwọ́ bomi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo orí ọmọ náà, bí ẹni ń ṣíji bo fìtílà nínú atẹ́gùn, ó wá lọgun: "Adéwálé!"

Ọmọ ò mira. Oorun rẹ̀ ló ń sùn.

Ó tún pè é. Ó pẹ́ kó tó gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní, "Fúnmiláyọ̀, gba ọmọ rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa pe àwọn òkú yín. Ayé ti yí, inú fóònù lẹ ti ń wá orúkọ ọmọ… Sátidé ni ọjọ́ náà, ó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí Kérésì ọdún 1993 kò.