Ahọ́n Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

"Òní ni ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu mi," ni Ahọ́n-Oyin wí fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún náà, bó ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀. "Bí mo bá tún gbé e mì, òun ni yóò pa mí, kì í ṣe àìsàn ọkàn tí dókítà ń sọ." Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà kejì. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ gan-an, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, Ahọ́n-Oyin sì mọ ara rẹ̀ dáadáa: bó bá sọ ọ́ nínú yàrá, wọ́n á sunkún, wọ́n á bo ara wọn láṣìírí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ̀ ló fẹ́ ti jẹ́wọ́, lójú àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un láti ọjọ́ yìí.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́ tábà wò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe tábà ìkòkò, èyí tí wọ́n ń kì sínú ìkòkò kékeré tí wọ́n ń fi ẹnu fa èéfín rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́ ti pa orúkọ àbísọ rẹ̀ rẹ́. Bó bá fa èéfín ewé kan lẹ́ẹ̀mejì, á dijú, á sì sọ irú ilẹ̀ tó ti hù àti bí òjò ṣe rọ̀ fún un tó. Tábà tó sọ ọ́ di olókìkí ni Ìrọ̀lẹ́-Pupa, àwòrán ojú rẹ̀ ló sì wà lára agolo rẹ̀. Ewé méjì ló wà nínú tábà náà. Fájíníà ni àkọ́kọ́, ewé tó ń dùn láìfi ṣúgà sí i, tí èéfín rẹ̀ ń rùn bíi koríko tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, tí èèpo ọsàn díẹ̀ sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Pẹríkì ni èkejì. Èyí dúdú bí èédú. Inú àgbá igi ni wọ́n ń kì í sí, tí wọ́n á fi irin tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rì sínú omi ara rẹ̀, yóò sì máa kan níbẹ̀ fún ọdún kan. Bí èèyàn bá mu ún lóun nìkan, á ta á bí ata. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pò ó mọ́ Fájíníà bó ṣe yẹ, ọ̀kan ò ní pa ẹnìkejì lẹ́nu mọ́, àwọn méjèèjì á jọ máa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni Ìrọ̀lẹ́-Pupa pé ọgbọ̀n ọdún. Gbọ̀ngàn tí wọ́n máa ń sá ewé sí ni wọ́n gbá mọ́, tí wọ́n to àga sí. Òórùn tábà ti wọ ògiri ibẹ̀ debi pé ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í á gbé òórùn náà relé. Ọ̀gá obìnrin, ọmọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, jókòó níwájú. Agolo kan ṣoṣo ló kù nínú èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún àkọ́kọ́, òun ni Ahọ́n-Oyin máa ṣí, tí yóò tọ́ ọ wò, tí yóò sì ròyìn adùn rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílé iṣẹ́ náà pé kò tíì sí ọdún kankan tó dùn tó ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ewé kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, síbẹ̀ nǹkan kan dín, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó jẹ́, títí kan Ahọ́n-Oyin fúnra rẹ̀.

Ó ṣí agolo náà. Ó bu ewé sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tuntun, kò le, kò sì rọ̀ jù. Ó ṣáná sí i. Fájíníà ló kọ́kọ́ wọlé, ó tutù lẹ́nu, ó dùn bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò. Ó jẹ́ kí èéfín náà gba imú rẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni Pẹríkì ti dìde, ata kékeré kan tí kò pariwo, àti lẹ́yìn ata náà, èso tó pọ́n dé góńgó. Ọgbọ̀n ọdún nínú agolo ti sọ àwọn méjèèjì di tọkọtaya tí kò bá ara wọn jiyàn mọ́. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Àwọn èèyàn rò pé adùn ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́," ó wí. "Kì í ṣe ọwọ́ mi ló ṣe ohun tí mo mu yìí. Olè ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó lé mi. Ẹni tó ṣe é ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, nídìí ilẹ̀kùn." Gbogbo orí yí padà. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbá ni wọ́n rí, ẹni tó ń tọ́jú àwọn àgbá Pẹríkì ní yàrá ìsàlẹ̀. Omi ewé ti pa ọwọ́ rẹ̀ láró títí dé ìgúnpá. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ahọ́n-Oyin. Ó wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló mú mi wọ ilé iṣẹ́ yìí," Ahọ́n-Oyin ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mu ìkòkò. 'Má fà á bí ẹni tó ń fẹ́ iná,' ló máa ń wí, 'máa mu ún bí ọbẹ̀ gbígbóná, kó má bàa bó ọ láhọ́n.' Lọ́dún yẹn, bàbá Ọ̀gá ní kí gbogbo wa po tábà tuntun wá, pé ẹni tí tiẹ̀ bá dára jù ló máa di olórí. Mo po tèmi, mo rò pé mo ti gba ipò náà tán. Nígbà tó ku ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n pè mí, wọ́n ní, 'Àbúrò, wá bá mi tọ́ eléyìí wò, ojú ń tì mí láti gbé e jáde.' Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí màá fi fa ti ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti mọ̀ pé mo pàdánù. Mo ní, 'Kò burú.' Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó dùn jù lọ láyé mi, mo ní kò burú. Ẹnu tí ẹ̀ ń pè ní oyin nìyẹn."

"Mo lọ bá Bàbá Sítọ́ọ̀, tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ nígbà náà, mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ìgò tábà ìdánwò gbogbo wa wà. Wọ́n ní, 'Kí lo fẹ́ fi ṣe?' Mo ní mo fẹ́ wò ó bóyá ìdérí tèmi le. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, 'Mi ò bi ọ́ léèrè mọ́ o,' wọ́n sì gbé e fún mi. Káfúrà ni mo mú dání, irú èyí tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Mo rún un sínú ìgò Ẹ̀gbọ́n, mo fi ìka rò ó pọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá Ọ̀gá fa èéfín ẹyọ kan, wọ́n tu ú dànù, wọ́n ní ta ló fẹ́ fi oògùn aṣọ pa àwọn. Àwọn kan ní Ẹ̀gbọ́n ti fi ewé pamọ́ sínú àpótí aṣọ, pé wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí ṣe olórí, wọ́n sì rán Ẹ̀gbọ́n lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi kó Pẹríkì tó ṣẹ́ kù nínú àpótí wọn, mo po ohun tí ahọ́n mi ti jí lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbé e jáde pé èmi ni mo ṣe é."

Ó di etí tábìlì mú. "Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Rárá. Ẹ̀gbọ́n wá bá mi. Wọ́n ní, 'Àbúrò, ìwọ náà tọ́ ọ wò. Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí o mu ún, ṣé o gbọ́ káfúrà nínú rẹ̀?' Bí mo bá ní rárá, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan ló bà á jẹ́. Mo ní, 'Mo gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ ni. Àfàìmọ̀ kí ahọ́n yín má ti kú.' Wọ́n gbà mí gbọ́. Ta ni wọn ò bá tún gbà gbọ́? Láti ọjọ́ náà, wọn ò fi ìkòkò kan ẹnu mọ́. Ọbẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè, wọ́n á pe èèyàn kó bá wọn tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Nídìí tábìlì oúnjẹ mi ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń bi ìyàwó mi pé, 'Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?' tí màá sì tẹjú mọ́ àwo. Mo jí iṣẹ́ wọn, kò tó mi, mo tún jí ẹnu mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gba èyí gbọ́: ahọ́n yín ò kú rí."

Bàbá Sítọ́ọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. "Òótọ́ ló sọ," ó wí. "Nígbà tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo gbóòórùn káfúrà lára irin rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì panu mọ́." Wọ́n máa ń ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ́jọ́ yẹn, òtítọ́ ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí oníbàárà ti ń dìde. Ìyàwó Ahọ́n-Oyin kọjá lára ọkọ rẹ̀ láìwò ó, ó lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì di ọwọ́ dúdú náà mú.

Ọ̀gá obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá, ẹnu lásán ni gbogbo èyí títí ẹ ó fi tọ́ ọ wò."

"Ọmọ mi," ni Ìyá Àgbá dáhùn, "ṣé kí n tún di ẹlẹ́yà lẹ́ẹ̀kejì?"

"Bó bá dẹlẹ́yà, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa ṣe é." Ọ̀gá gbé agolo àtijọ́ náà dání, ó wọ yàrá ẹ̀gbẹ́ lọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó ewé sínú ìkòkò mẹ́ta, ó sì gbé wọn wá láìsọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbá gba èyí àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún. Ó fà á díẹ̀. Ó tún fà á. "Fájíníà nìkan nìyí," ó wí, ohùn rẹ̀ ò tíì jáde dáadáa. "Ti ọdún yìí ni. Wọ́n kánjú kó o wọlé kó tó gbẹ, ó ṣì ń rùn bí omi." Ọkùnrin tó ń bójú tó ewé sísá sorí kọ́, nítorí kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó gba èkejì. "Pẹríkì wà nínú èyí, ìpín kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó pò ó ń bẹ̀rù ata." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Apòtábà kan dìde níwájú, ó ní, "Èmi ni, Ìyá. Ẹ máa wí mi lọ." Ó gba ẹ̀kẹta. Ó fà á. Ó jẹ́ kí èéfín náà gba imú jáde, ó dijú, gbogbo èèyàn sì rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ ṣe ń nà. "Ìpín márùn-ún ni," ó wí, ohùn rẹ̀ ti já gaara. "Fájíníà kó mẹ́rin, mẹ́ta pupa, ọ̀kan mọ́ bíi wúrà. Pẹríkì kó ọ̀kan, ó sì lo oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àgbá. Ọwọ́ mi nìyí. Mo ti gbàgbé pé ó dùn tó báyìí."

Ọ̀gá mú ìwé ìpòpọ̀ Ìrọ̀lẹ́-Pupa tí wọ́n ń tì mọ́nú àpótí irin jáde. Gbogbo ìwọ̀n náà bá a mu rẹ́gí, àfi ibi kan: oṣù méjìlá ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún Pẹríkì. Ahọ́n-Oyin sún mọ́ ìwé náà. "Méjìlá ni mo kọ," ó wí. "Pẹríkì inú àpótí Ẹ̀gbọ́n ni mo lò lọ́dún àkọ́kọ́, mo sì rò pé bí gbogbo àgbá ṣe rí náà nìyẹn." Ìyá Àgbá wò ó. "O ò lè mọ̀," ó wí. "Bí o ṣe máa jí i lò ń rò nígbà tí ò ń mu ún, o ò farabalẹ̀." Oṣù mẹ́ta péré. Ohun tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ọgbọ̀n ọdún wá kiri nìyẹn, obìnrin tó mọ̀ ọ́n wà ní yàrá ìsàlẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Gbọ̀ngàn náà dìde lódindi. Àwọn tó ń di agolo ń lu tábìlì, àwọn tó ń sá ewé ń ju fìlà sókè, àwọn obìnrin yàrá ìsàlẹ̀ sì gbé Ìyá Àgbá sáàárín, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn wọn fi há. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ ju Ahọ́n-Oyin lọ. Ó ń pa á bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, obìnrin náà wá dúró níwájú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún lo fi jẹ gbèsè yìí," ó wí. "Mi ò lè fi ọ̀sán kan ṣoṣo dárí rẹ̀ jì ọ́ tán. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbá wọ yàrá ìtọ́wò gẹ́gẹ́ bí olórí. Wọ́n yọ àwòrán ojú Ahọ́n-Oyin kúrò lára agolo, wọ́n fi ti obìnrin náà sí i. Ahọ́n-Oyin bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa yí irin àgbá ní yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n sì gbà fún un. Odindi oṣù kan ni ìyàwó rẹ̀ ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó máa sọ̀rọ̀, ó ní kó gbé àwo wá. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ a máa wá bá a nídìí àgbá, ohun kan náà ló sì ń sọ fún wọn: "Bí ẹ bá tọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò tó sì dára ju tiyín lọ, ẹ yára sọ ọ́ síta. Èyí tí mo gbé mì kan nínú mi fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì dùn."

Nígbà tí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, wọ́n ṣí àgbá tuntun. Ìyá Àgbá pò ó fúnra rẹ̀, ó pe Ahọ́n-Oyin wá sókè, ó sì na ìkòkò sí i. "Àbúrò, tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni kí o sọ o." Ọkùnrin náà farabalẹ̀ mu ún títí ó fi di eérú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ó ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Mo mọ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì gba ìkòkò rẹ̀ padà.