Ẹni Tó Ń Tẹ́ Ilé Wa Sùn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ilé tí mo ti jáde wá ní òwúrọ̀ yìí ṣì ní òrùlé lórí, tó sì jẹ́ kí ẹni tí mo fi sílẹ̀ sínú rẹ̀ ṣì ń mí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ṣe àmín tó rinlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àyà mi kò tíì balẹ̀ tán.

Ẹ má bínú pé mo kọ ẹ̀rí mi sórí ìwé. Láti ìgbà tí a ti sin aya mi, Ìyá Tọ́pẹ́, bí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀, ohùn mi kì í bá mi dé òpin. Bóyá bí mo bá ń kà á, màá lè parí rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ aya mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ohun tí ẹ lè má mọ̀ ni pé òun ni olórí iná nílé wa. Èmi ni mò ń kọ́ ọmọ ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n òun ló mọ ìgbà tó yẹ ká pa nǹkan. Ní ọjọ́ kan tí a wà nínú ìsìn níbí, wọ́n mú iná dé, iná náà sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jó tẹlifíṣọ̀n wa, ó jó fíríìjì. Láti ìgbà náà, a kò lè jáde nílé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ṣéńjì-ófà wà. Ẹ̀yin tó ní jẹnẹrétọ̀ mọ̀ ọ́n: àpótí irin kékeré tó ní ọwọ́ dúdú lára. Bí ọwọ́ náà bá wà lókè, iná ìjọba ló ń wọlé. Bó bá wà nísàlẹ̀, ti jẹnẹrétọ̀ ni. Bó bá wà ní àárín, iná kankan kò lè wọlé. Àárín yẹn ló máa ń gbé e sí. Àwa á ti jókòó sínú mọ́tò, èmi á máa fọn fèrè, òun á máa pariwo láti inú ilé pé, "Ẹ ní sùúrù o jàre! Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ ilé sùn ná!" Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sùn.

Nígbà tó lọ, n kò fọwọ́ kan ọwọ́ dúdú náà mọ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, n kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá tó bí i, tí a ń pè ní Màmá Adó nítorí pé ọmọ Adó-Àwáyè ni wọ́n, ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà àìsàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má padà. Wọ́n ti dàgbà. Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, etí wọn kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Yàrá tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo fún wọn.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀rù wọ ilé wa.

A ó jáde, iná á wà. A ó padà dé, iná á máa tàn yòò ní gbogbo àdúgbò, ilé tiwa á dúdú. Nígbà àkọ́kọ́, mo lọ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ ṣéńjì-ófà ti wà ní àárín.

"Tọ́pẹ́, ìwọ lo pa á?"

"Rárá o, Dádì. Mo rò pé ẹ̀yin ni."

Dára, àbúrò rẹ̀, dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé. Ó ní, "Èmi mọ ẹni tó pa á. Mọ́mì ni. Ta ló tún ń tẹ́ ilé sùn nílé yìí?"

Mo jágbe mọ́ ọn pé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló wà nínú ohùn mi, àwọn ọmọ sì gbọ́ ọ.

Ó tún ṣẹlẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀. Ọbẹ̀ ń kan nínú fíríìjì, ẹja ń rà nínú firíìsà, a ń gbé wọn dà nù. Àwọn ọmọ kò lè dá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá mọ́. Bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ wẹ̀, èkejì á bá a lọ, á dúró dè é. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa iná, mo tú ìdérí àpótí náà, mo wo inú rẹ̀ fínnífínní. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí ó bá bàjẹ́ ni, ì bá tù mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wò nínú ilé ara mi, lọ́sàn-án gangan.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹni yẹn ò tíì lọ o. Kó aṣọ rẹ̀ jáde, kó o dáná sun ún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sun nǹkan kan.

Ẹ ó béèrè pé ṣé a kò bi Màmá ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí. Láràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn, n kì í sì í wọ yàrá wọn bí wọn kò bá pè mí. Kí n wá dúró níwájú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sọ́wọ́ mi, kí n ní ta ló ń pa iná tí ọbẹ̀ mi fi ń kan? Ó dà bí ẹni ń ka oúnjẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyá àgbà. Àti pé, ibi tí àpótí náà wà lára ògiri, ọwọ́ Màmá kò lè tó o.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà títí di ọjọ́ ìkómọ ní Ìṣẹ́yìn. Àbúrò aya mi ló bímọ. Màmá kò lè lọ nítorí orúnkún wọn. Tọ́pẹ́ bẹ̀ mí pé òun fẹ́ wọ àǹkárá ìyá òun, mo sì gbà fún un. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá mi, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ni wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe: bí iná bá lọ, a ó fi ooru tó kù lára áyọ́ọ̀nù parí rẹ̀. Ooru náà kò gbé e dé ibì kan. Mo sì ti ń fọn fèrè níta. Ọmọ náà fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, ojú irin rẹ̀ kan aṣọ náà, wáyà rẹ̀ sì wà lára ògiri síbẹ̀. Ó wọ aṣọ mìíràn, ó sáré jáde. Èmi náà fi àgádágodo ńlá ti géètì irin ẹnu ọ̀nà láti ìta, bí mo ṣe máa ń ṣe nítorí olè, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Màmá ń sùn nínú ilé.

A ti kọjá Àgọ́-Àrẹ́ nígbà tí fóònù mi dún. Alhája aládùúgbò wa ni, ìyá aláwàdà, ohùn rẹ̀ sì gba inú mọ́tò kan.

"Ẹ̀yin Bàbá Tọ́pẹ́! Ẹ jáde tán, iná dé! Àbí ẹ̀yin lẹ dì í mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n gbé e wá gidi o, fáànù mi fẹ́ fò lọ!"

Mo ń rẹ́rìn-ín ni mo gbọ́ igbe lẹ́yìn mi. Tọ́pẹ́ ni.

"Dádì! Áyọ́ọ̀nù! Jésù! Mi ò yọ áyọ́ọ̀nù!"

Ẹ̀yin ará, áyọ́ọ̀nù àtijọ́ ni, èyí tí kì í pa ara rẹ̀ bó bá gbóná. Lábẹ́ aṣọ náà, fóòmù ni. Yàrá mi àti ti Màmá, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Mo sì mọ ohun tí irin gbígbóná ń ṣe sí fóòmù. Mo mọ̀ pé èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, mo kábàámọ̀ ìmọ̀ tí mo ní.

Mo pariwo sínú fóònù pé, "Alhája, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré dé ilé mi! Ẹ kan fèrèsé Màmá!" Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń dún pa-pa-pa, mo gbọ́ tó ń gbá géètì. "Màmá! Màmá Adó! Ẹ dáhùn o! Bàbá Tọ́pẹ́, wọn ò dáhùn! Háà, àgádágodo wo lẹ fi ti ilé yìí, bí ẹni ti báńkì—" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. A pè é, a pè é, kò wọlé mọ́.

Mo yí mọ́tò padà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọn èèyàn ń sun ìgbẹ́ káàkiri, èéfín sì wà níhà gbogbo. Èyí tó wà lápá Ṣakí, níhà ilé wa, ló dúdú jù lójú mi. Dára ń béèrè pé, "Dádì, ṣé ilé wa nìyẹn?" Mo túbọ̀ ń sáré. Tọ́pẹ́ ti ká ara rẹ̀ kò, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo léraléra: "Mo ti pa ìyá àgbà. Mo ti pa ìyá àgbà."

Níbi tí a ti ń sáré bọ̀ ni agbo màlúù gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Wọ́n rọra ń kọjá, wọ́n pọ̀ títí ojú kò rí ìdí wọn. Mo fọn fèrè títí. Fúlàní tó ń dà wọ́n sún mọ́ fèrèsé mi, ó fẹ́ bínú, ó wo ojú mi. Ó kọjú sí àwọn màlúù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi lé wọn, ó ń súfèé. Síbẹ̀, a ní láti dúró.

Ibẹ̀ ni mo ti gbàdúrà. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹnu mi ń gbàdúrà nínú ilé yìí pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti dákẹ́. Ní ọjọ́ yẹn, mo gbé orí lé síárìn tí mo fi ń darí mọ́tò, mo ní, "Olúwa, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ìwọ ló mú ọmọ lọ. Má mú ìyá lọ lọ́nà yìí. Má jẹ́ kí ọmọ mi gbé ẹrù yìí dàgbà. Jọ̀wọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ọ̀nà ti ṣí.

Nígbà tí a dé àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ti dúró síwájú ilé. Mo fò jáde nínú mọ́tò. Alhája gbé bókẹ́ẹ̀tì omi dání, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. Ó ní, "Mi ò tíì rí èéfín o, ṣùgbọ́n wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin ọkùnrin yìí!" Mo ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, kò wọ̀. Òun ló gbà á lọ́wọ́ mi, tó ṣí i, tó ń pe "Bísímílláhì" bó ṣe ń ṣí i.

Mo wọlé. Kò sí òórùn kankan. Ilé dúdú, ó tutù. Mo sáré dé yàrá mi: áyọ́ọ̀nù wà níbi tí ọmọ fi í sí, lórí àǹkárá ìyá rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan irin náà. Ó tutù bí omi àmù. Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbójú sókè.

Ọwọ́ ṣéńjì-ófà wà ní àárín.

Gbogbo irun ara mi ló dìde. Nígbà náà ni mo ṣí yàrá Màmá láìdúró kí wọ́n pè mí, fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Wọ́n gbójú sókè.

"Háà, ẹ ti dé? Ìkómọ yìí mà yá o."

Tọ́pẹ́ ti ṣubú lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo èmi àti Alhája àti bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ẹ̀yìn mi síbi tí ṣéńjì-ófà wà. Ojú wọn yí padà. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Fún èmi!

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ má bínú. Ọbẹ̀ tó ń bàjẹ́ yẹn, èmi ni. Ọ̀pá yìí ni mo fi ń ti ọwọ́ iná náà."

Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Ọmọ mi ló rán mi níṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ò lè dìde mọ́, ó ní, 'Màmá, àwọn yìí ò ní rántí. Bí wọ́n bá ti jáde, ẹ bá mi tẹ́ ilé sùn.' Mo rò pé ó sọ fún yín. Ìgbà tí mo rí i tí ẹ ń da ọbẹ̀ nù, tí ojú yín le, ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ ó dá mi padà sí Adó. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ ọmọ mi dé àárín kí n dúró."

Alhája gbé bókẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Ìyá yìí, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹ jẹ́ n bá yín bó ẹ̀gúsí."

Ẹ̀yin ará, ohun tí à ń sá fún nínú ilé wa, òun ni Ọlọ́run fi pa wá mọ́. Kí n tó gbé orí lé síárìn mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pá ìyá arúgbó kan ti dá mi lóhùn. Aya mi ti rò ó kalẹ̀ láti orí ibùsùn àìsàn, èmi kò sì mọ̀.

N kì í fi àgádágodo ti ilé láti ìta mọ́. Inú ni Màmá ti ń ti géètì, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lọ́wọ́ Alhája. Ọbẹ̀ wa ṣì ń kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A ń gbé e kaná, a ń jẹ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ yìí, a ti wọ mọ́tò tán láti máa bọ̀ níbí. Dára ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo ní kó dákẹ́ díẹ̀. Mo pa mọ́tò, a tẹ́tí sílẹ̀. A gbọ́ ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì, ó rọra ń bọ̀, ó dúró. A wá gbọ́ irin: kọ̀.

Ilé ti sùn. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé ògo náà fún Ẹni tí kì í sùn.