Ohun Tí Mo Ṣe sí Òkúta Muchaneta

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó kú, mo sì fẹ́ ṣe é kíákíá, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá ní kí n dúró títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi gún régé, wọ́n á sin mí tòun ti bírò lọ́wọ́. Èmi ni Fanuel Gwatidzo, tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbẹ́ òkúta lére ní àgbàlá Sekuru Mhizha níbí ní Guruve ń pè ní Ọ̀gá. Ẹ máa ń fi àwòrán mi han àwọn àlejò, èyí tí mo ti dúró nínú yìnyín nílùú òyìnbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère obìnrin kan tó tẹ́ etí sílẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún wọn pé, "Ọ̀gá wa ló gbẹ́ ẹ." Irọ́ ni. N kò gbẹ́ ẹ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ wà ní Johannesburg, ó ń tún ilé onílé ṣe, ó sì gbàgbọ́ pé ère náà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Èmi ni mo mú un gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀.

Muchaneta ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, èmi sì ti lé ní ogójì, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Mukoma, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n. Abẹ́ igi músásà kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Títí dòní, bí mo bá jí láàárọ̀, etí mi ṣì máa ń wá ìró òòlù rẹ̀. Tèmi máa ń dún lẹ́ẹ̀kan, á dúró, torí mo gbọ́dọ̀ yẹ ibi tí mo lù wò kí n tó tún lù. Tirẹ̀ kì í dúró. Ó ń lù, ó ń kọrin, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti parí ère kan. Á fọ iwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé á fi omi àti sáńpépà ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n á fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà á jáde nínú ilẹ̀, tòun ti èèpo pupa rẹ̀. Màá ní, "Muchaneta, o ò tíì parí eléyìí." Á ní, "Mo ti parí o, Mukoma. Òkúta náà ló ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Tiyín ńkọ́? Ọdún kẹrin rèé! Ẹ rọra o, ẹ ti fẹ́ fọ ìyá yẹn di ọṣẹ." Gbogbo àgbàlá á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú.

Òkúta kan náà ni Sekuru, bàbá àgbà tó ni àgbàlá, là sí méjì fún wa, òkúta dúdú tó ní iṣan aláwọ̀ ewé. Muchaneta ti fi ìdajì tirẹ̀ gbẹ́ obìnrin tó tẹ́ etí sílẹ̀ náà tán, èmi ṣì wà lórí ojú obìnrin tí mò ń gbẹ́ láti ọdún mẹ́rin. Láàárín ọdún mọ́kànlá tí mo ti lò ní àgbàlá yìí nígbà náà, ère mẹ́fà péré ló kúrò lọ́wọ́ mi. Bí oníbàárà bá dé, màá ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kò sì ní padà wá. Mo ń pè é ní ìfẹ́ iṣẹ́. Ẹ gbọ́ irọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹnì kan á rí àbùkù níbi tí mo fọwọ́ sí pé ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe pẹ̀lú Muchaneta fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí débi pé bí kò bá wá síbi iṣẹ́, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi. N kò sọ fún un. Mo ní kí n kọ́kọ́ kọ́ ilé tó dára. Mo kọ́ ilé, ògiri kan wọ́ díẹ̀, mo wó o, mo tún un kọ́, mo tún wó o. Lọ́sàn-án a máa ń jọ jẹ sadza àti ẹja matemba nínú abọ́ kan, á máa ti ẹja sọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà á dé ètè mi, màá gbé e mì pẹ̀lú òkèlè, torí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kò tíì dára tó.

Lọ́dún náà ni a gbọ́ pé obìnrin òyìnbó kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ère sí lókè òkun, yóò mú ère kan ṣoṣo nínú àgbàlá wa, yóò sì mú ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ sọ́hùn-ún fún oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tí oorun kò dá lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìròyìn dé pé ìyá ìyá Muchaneta ti kú ní Mount Darwin. Ó gbọ́dọ̀ lọ, kò sí àròyé níbẹ̀. Ó sáré wá bá mi tòun ti àpò lọ́wọ́. Ó ní, "Mukoma, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fọ̀ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kó sá sóòrùn títí di ọ̀la kí omi ara ẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá yá a níná, kí ẹ fi ìda pa á. Bí òyìnbó yẹn bá dé, ẹ bá mi gbé e síwájú ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀ o! Mo mọ̀ yín." Mo ní, "Máa lọ jàre, ọwọ́ mi ló wà." Ọwọ́ mi ló sì wà lóòótọ́.

Mo ṣe gbogbo ohun tó ní kí n ṣe. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, òkúta náà ti gbẹ, mo yá a níná, mo fi ìda pa á. Bí ìda ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, àwọ̀ rẹ̀ ń yọ, obìnrin náà sì dà bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn sí i, inú mi sì bàjẹ́, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ṣí aṣọ lórí ère tèmi. Ó ti tó gbé síta. Gbogbo èèyàn ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ihò imú òsì rẹ̀ fi ìwọ̀n irun orí kan kéré sí tọ̀tún. Mo mú fáìlì, irin tí a fi ń ha òkúta. Mo ha tòsì, ó wá tóbi jù. Mo ha tọ̀tún kó lè bá a dọ́gba. Mò ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Imú náà já, ó bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ mi, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ọdún mẹ́rin. Bí mo ṣe ń wò ó ni mo gbọ́ ìró ọkọ̀ àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹ̀mí àìmọ́ kankan tó gùn mí, kò sì sí ẹni tó tì mí. Mo da aṣọ bo tèmi padà, mo gbé ti Muchaneta sórí kùkùté igi tí mo máa ń ti ṣiṣẹ́. Lábẹ́ ère náà, ó ti fi irin kọ M kékeré kan síbẹ̀. Mo fi fáìlì tó já imú tèmi ha M náà kúrò. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo tètè parí láyé mi nìyẹn.

Sekuru Mhizha, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń wo òkúta, wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ère náà lẹ́yìn. Ó dúró. "Fanuel, ta ló ni eléyìí?" Mo ní, "Èmi ni, Sekuru." Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ò sọ nǹkan kan." Kò sí ẹni tó ti ti àgbàlá rẹ̀ lọ sókè òkun rí, ó sì fẹ́ kí ojú òun rí i. Ó ti sùn, n kò fẹ́ di ẹ̀bi ru òkú. Obìnrin òyìnbó náà yí ère náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí págunpàgun, ó sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ ère tó ń dán látòkè délẹ̀ tí kò bá òun sọ nǹkan kan. Ó ní ẹni tó gbẹ́ eléyìí mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn gbọ́wọ́ kúrò." Mo tẹrí ba bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fi ń bú Muchaneta láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni wọ́n wá fi ń yìn mí, mo sì gba ìyìn náà láìtijú. Wọ́n gbé ère náà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn tó fura nínú àgbàlá kò sì fẹ́ ta ko Sekuru.

Muchaneta ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, yóò sì béèrè. Gbogbo wa la mọ̀ pé òkúta tí omi wà nínú rẹ̀, bí iná bá kàn án, bíbú ló máa bú. Mo ri ère tèmi sínú àgbá omi láti àárọ̀ Ẹtì títí di ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo gbé e jáde, mo kóná yí i ká. Mo jókòó, mò ń wo ojú tí mo fi ọdún mẹ́rin fọ̀. Ó bú gbàù. Mo fi òòlù tún àwọn tó tóbi nínú rẹ̀ fọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ojú náà mọ̀; òkúta kan náà ni tiwa, àfọ́kù tèmi á jọ tirẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ara tù mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò rí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀.

Ó dé, ó bu ẹ̀pà yíyan wá fún mi láti ilé òkú. Mo ní tèmi ni òyìnbó gbé lọ, pé tirẹ̀ bú mọ́ iná, mo sì nàka sí eérú. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mukoma, ṣé kò tíì gbẹ tó ni?" Mo lè sọ òtítọ́ níbẹ̀ yẹn. Ère ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì wà. Ohun tí mo sọ rèé: "Ṣé o rí i báyìí? Ìwàǹwára ẹ ni, Muchaneta. O ò kí ń ní sùúrù parí nǹkan. Mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?" Ó ní, "Ẹ sọ ọ́." Ó wá gbójú sókè wò mí, omijé kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mukoma. Ẹ̀rù á ti bà yín. Kò ta bá yín lójú, àbí?" Jíjí tí mo jí ère kọ́ ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lórí eérú yẹn ni.

Lẹ́yìn náà, òòlù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á yẹ̀ ẹ́ wò, á fọwọ́ pa á, kó tó tún lù. Kò kọrin mọ́. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mọ àìsàn yẹn, èmi ni mo kó o ràn án. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó di gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Ẹ gbà, Mukoma. Ẹ̀yin lẹ ní sùúrù." Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Johannesburg. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, mo sì jẹ́ kó lọ.

Èmi náà lọ sókè òkun. Wọ́n fún mi ní yàrá iṣẹ́ àti òkúta, wọ́n ní kí n gbẹ́ èkejì rẹ̀. Oṣù mẹ́ta pé, etí kan ṣoṣo ni mo ti gbẹ́. Mo padà sílé, lẹ́tà ń tẹ̀ lé mi. Iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo gbà láàárín ọdún méjì, n kò parí ọ̀kankan. Nígbà tó di ọdún kẹta, kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí mi mọ́. Báyìí, eruku òkúta ti kún ẹ̀dọ̀fóró mi, wọ́n ní kò sí oògùn rẹ̀. Ère tí ayé fi mọ̀ mí ni èyí tí n kò gbẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, mo pè é. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Fanuel ni." Ó pariwo, "Yéè! Mukoma! Ṣé ẹ ti rí ìyàwó fẹ́, àbí ẹ ṣì ń wó ilé?" Ẹ̀rín rẹ̀ ò yí padà. Mo fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín lọ bẹ́ẹ̀, kí n máa gbọ́. Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti M náà, ti àgbá omi, ti eérú. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún, Mukoma. Mo ń na àwọn ọmọ mi kí wọ́n má baà ní ìwàǹwára bíi tèmi." Ó pa fóònù. Mo pè é títí, kò gbé e mọ́.

Mo ti kọ̀wé sí ilé ère òkè òkun náà, wọ́n ti fèsì, wọ́n á yọ orúkọ mi, wọ́n á fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín jáde nílé, kí ojú ayé rí i, kí wọ́n bú u bó bá yẹ ní bíbú. Èmi tí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí àbùkù mi, ẹ wo àbùkù tí mo wá ń fi ọwọ́ ara mi kọ sílẹ̀ fún yín yìí. Ẹ dárí jì mí.

Lánàá, fóònù mi dún. Ọ̀rọ̀ ló tẹ̀ ránṣẹ́: "Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ẹ ò gbọdọ̀ kú kí n tó dé o, Mukoma. Èébú tí mo fẹ́ bú yín, ẹnu fóònù ò gbà á." Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bọ́ọ̀sì náà máa wọlé. Ọjọ́ márùn-ún ló kù, dókítà sì ti ní kí n má ka ọjọ́ lé. Ẹ̀yin ará àgbàlá, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Kì í ṣe ìwòsàn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo fẹ́ kí Muchaneta dúró síwájú mi kó bú mi, kó bú mi títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kí n sì wà láàyè láti gbọ́ gbogbo rẹ̀.