Ejò Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Dá

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má tíì pariwo halelúyà. Mo mọ̀ pé bí èmi Ìyá Aríran bá ti dìde báyìí, ẹ kì í jẹ́ kí n la ẹnu tán kẹ́ ẹ tó gbà á. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì ná. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹ bá dá mi dúró, mo lè padà lọ jókòó kí n má sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ wa níbí. Inú ààwẹ̀ ni mo wà. Mo tan àbẹ́là, mo ka Sáàmù, mo dárúkọ gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ yín jì yín. Tèmi ńkọ́? Mi ò dárúkọ ẹyọ kan. Kí ni mo fẹ́ dárúkọ? Àbí èmi kọ́ ni mò ń rí àṣírí gbogbo ayé? Bí mo ṣe fi orí lé apá báyìí, oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun tiwa tí à ń fi búlúù sí yìí. Ó ní, "Dìde, ká lọ." Mo bi í pé, "Bàbá, ta lẹ fẹ́ kí n jíṣẹ́ fún?" Ó wò mí, ó yíjú, ó ń lọ. Ẹ ò rí ìgbéraga tèmi? Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n tún fẹ́ fi hàn mí.

Ibi ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi dé. Bí mo bá ní kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ tán, irọ́ ni mo máa pa, mo sì ti pa irọ́ tó. Mo rí Bàbá Alágogo wa tó kú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kó tó lọ. Ó nà gbọnrangandan, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń kọrin, orin náà sì dùn débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Àfi bó ṣe dé ibì kan, tí gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́, tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n tún dákẹ́. Mo bi ọkùnrin tó mú mi wá pé, "Bàbá, kí ló dé?"

Ó ní, "Ohùn ẹnì kan ló kù. Láti ayé la ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti pa á mọ́ ọn lẹ́nu."

"Ta ló pa á mọ́ ọn lẹ́nu?"

"Máa bọ̀."

Ilẹ̀ yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ibi òkùnkùn ni, ooru rẹ̀ ń gbóná wọ egungun, òórùn irun tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n so ẹ̀yìn wọn pọ̀, olúkúlùkù ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú òun kúrò lára èkejì. Mo rí àwọn tó fi agbára gba ilẹ̀ opó, wọ́n ru erùpẹ̀ ilẹ̀ náà sórí, ó ń dà sí wọn lójú àti lẹ́nu, kò sì tán. Ẹ̀yin ará, èmi náà dúró, mò ń mi orí, mo ní, "Ó tọ́ sí wọn." Irú èmi!

Olùtọ́nà mi ní, "Wo iwájú."

Mo wo iwájú, mo rí aṣọ funfun bíi tèmi. Wọ́n pọ̀, aṣọ wọn ti jó dúdú létí, ìpéǹpéjú kò sí lójú wọn, wọn ò lè dijú. Wọ́n ń ké pé, "Olúwa wí pé! Olúwa wí pé!" Bí wọ́n bá sì ti ké e, ohùn kan á dáhùn láti òkè pé, "N kò wí bẹ́ẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti rí ejò dúdú kan tó ń wọ́ bọ̀ láàárín wọn. Kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ló ń wò.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?" ni olùtọ́nà mi wí. "Ọlọ́run kọ́ ló dá eléyìí. Ìwọ lo fi ẹnu rẹ dá a. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ẹni tó ni ín."

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá Ìjọ fẹ́ fi Dọ́kásì ṣe olórí akọrin. Èmi ni mo já síwájú, tí mo gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, tí mo ní Ẹ̀mí fi ejò dúdú kan hàn mí tó ká sí ọ̀fun rẹ̀, pé bó bá ń kọrin, ejò náà ló ń kọ ọ́. Ẹ kígbe "Jésù!" Wọ́n bọ́ aṣọ akọrin lára rẹ̀, wọ́n fi Kẹ́mi ọmọ mi sípò náà. Láti ọjọ́ náà, ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni Dọ́kásì ń jókòó, bí a bá sì ń kọrin, ètè rẹ̀ kì í mira.

Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi ò gbéra, ejò náà ti gun ẹsẹ̀ mi, ó tutù nini, ó wé mọ́ mi níkùn, ó ń gòkè bọ̀, mò ń pe olùtọ́nà, mò ń pe ìyá mi tó bí mi, kò sẹ́ni tó dáhùn, mo ní, "Olúwa, gbogbo ọmọ aráyé ló ti ṣẹ̀!" ó gòkè sí i, mo ní, "Èṣù ló tì mí!" ó gòkè sí i, mo ní, "Ẹni tí mo sọ fún náà gbà á gbọ́!" ó wé mọ́ mi lọ́rùn, orí rẹ̀ kan ètè mi báyìí, ó ń fi ahọ́n wá ọ̀nà.

Kò síbi tí mo lè sá sí mọ́. Mo ní, "Olúwa, mi ò rí nǹkan kan! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Ohùn Dọ́kásì dára ju ti ọmọ mi lọ, mo mọ̀, ó sì ń dùn mí. Èmi ni mo ṣe é. Dárí jì mí nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù."

Ejò náà tú kúrò lọ́rùn mi, ó já bọ́ bí okùn tó ti jẹrà. Ọwọ́ kan bu omi, ó fi fọ ẹnu mi. Mo rí àpá ìṣó ní àtẹ́lẹwọ́ náà, mi ò tó ẹni tí ń gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Mo sunkún bí ọmọdé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú jẹ́ kí n dúró síbẹ̀. Ó ní, "Orin náà ńkọ́?"

Mo bá ta jí. Òógùn ti rin ẹní mi. Mi ò ṣínu, ilé Dọ́kásì ni mo gbà lọ tààrà, mo bá a níbi tó ti ń sá aṣọ, mo sì kúnlẹ̀. Ó figbe ta: "Hàà, Ìyá! Ẹ dìde o! Ṣé ẹ fẹ́ ṣépè fún mi ni?" Mi ò dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó fi aṣọ tútù ọwọ́ rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Bí Ọlọ́run bá dárí jì yín, ta ni èmi? Mo ti dárí jì yín, mà. Ṣùgbọ́n iwájú ìjọ lẹ ti dì í. Iwájú ìjọ ni kẹ́ ẹ ti tú u."

Ẹ̀rù ìyẹn tún bà mí. Lálẹ́ àná ni mo ń rò ó pé kí n sọ ọ́ fún Bàbá Ìjọ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n bá mi fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀. Bí mo ṣe rò ó báyìí, mo mọ òtútù ejò yẹn lára lọ́rùn ẹsẹ̀ mi. Ìdí tí mo fi dúró síwájú yín nìyẹn.

Bàbá Ìjọ, ọ̀já aríran mi rèé, mo gbé e sílẹ̀. Kẹ́mi, má bojú, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Olúwa wí nígbà tí Olúwa kò wí, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Ẹ tètè sọ tiyín nígbà tí ẹnu yín ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ má fi "gbogbo wa ti ṣẹ̀" bò ó. Ẹ pè é lórúkọ. Ẹni tó bá pè é lórúkọ, Jésù kì í lé e. Ó fọ ẹnu tèmi.

Ó tán. Ẹ má wò mí mọ́, ẹ yíjú sẹ́yìn síbi ilẹ̀kùn. Dọ́kásì, ìyá mi, kò séjò lọ́fun rẹ. Kò síbẹ̀ rí. Wọ́n ti dákẹ́ lókè, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.