Sàréè Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Mi

Táìlì kẹta ni Lúkmánì ń tẹ́ sórí sàréè náà nígbà tí takisí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ohùn ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti oṣù mẹ́rin kò ní ibi tí yóò sá sí mọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà bó ṣe rí. Mi ò ní wá àwáwí.

Jẹ̀mílà ìyàwó mi ló ní ká ta ilé. Ó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó pè mí láti ibẹ̀: "Bàbá Bàsìt, ẹ ta ilé, kí ẹ máa bọ̀. Ìyá ò lè dá wà." Mo ní ó dáa. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbé Williamsville, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Igi máńgòrò tó wà lójúde, ọwọ́ mi ló gbìn ín. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló tún mọ̀ mí? Gbólóhùn kan ni ì bá yanjú rẹ̀: mi ò fẹ́ lọ. Kò jáde lẹ́nu mi. Wọ́n ní n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo ibi tó gbé mi dé.

Ẹni méjì ló fẹ́ bá mi ta ilé náà. Marie-Laure ní ọ́fíìsì ní àdúgbò Siporex. Ó wọlé, ó ya fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín. "Le vieux, bàbá àgbà, oṣù kan péré, ó ti tà!" Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Ìkejì ni Lúkmánì, ọmọ Ọ̀yọ́, démarcheur tí kò ní ọ́fíìsì, tó ń fi ẹsẹ̀ rin gbogbo Adjamé láti bá àwọn onílé wá oníbàárà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò lè purọ́. Bí òrùlé bá ń jò, á ti sọ kó tó ṣílẹ̀kùn. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe mú un. Ìkà ni mí. Ẹnu olóòótọ́ ni mo fẹ́ fi pa irọ́.

Mo kó yẹ̀pẹ̀ jọ sẹ́yìnkùlé, mo fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Mo sọ fún Lúkmánì pé ibẹ̀ ni a sin ìyá ìyàwó mi sí. Kò yà á lẹ́nu. Nílé tiwa, inú ọgbà ilé là ń sin àgbà sí. Ó bọ́ bàtà. "Bàbá, kí ni orúkọ wọn, kí n máa ṣe àdúà fún wọn?" Níbí ni ọ̀rọ̀ mi ti burú jù. Mo dárúkọ alààyè: Àsímáwù. Ó tẹ́ ọwọ́, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín. Èmi! Mo ṣe àmín.

Oníbàárà méje ló mú wá. Lẹ́nu ọ̀nà ni yóò ti sọ: "Ilé dára, àmọ́ òkú wà lẹ́yìn." Ọ̀kan wọlé yọjú wò ó, ó sáré jáde, ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sí pálọ̀. Mo rẹ́rìn-ín lábẹ́ irùngbọ̀n. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ yìí ní Lúkmánì Onísàréè. Àwọn onílé gba kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ilé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tèmi. Kò bá mi jà. Táìlì ló rù wá. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ ṣe fún màmá. Tó bá mọ́ tónítóní, ẹ̀rù ò ní máa bà wọ́n mọ́." Mo wò ó. Mo bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Jẹ̀mílà wọlé, tó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Nígbà tí ilé ò tà, mo ní kí n kúkú gbé Ìyá wá." Ìyá Àgbà fi ọ̀pá tọ ilẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró. "Ọkọ Jẹ̀mílà, ta ló kú?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Mo tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Táìlì bọ́ lọ́wọ́ Lúkmánì, ó fọ́. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá wọn sàréè náà láti orí dé ìsàlẹ̀. "Ó kúrú. Ẹsẹ̀ mi ńkọ́, ṣé ìta lẹ fẹ́ fi í sílẹ̀ sí?"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Jẹ̀mílà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó nu ojú. "Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò fẹ́ lọ? Èmi gan-an, ta ló sọ fún yín pé Williamsville sú mi? Ìyá ni mo fẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà ké sí Lúkmánì: "Jẹ́ ká lọ." Wọ́n ń ya ilé àwọn tó gba kọ́kọ́rọ́ wọn kiri. Ìyá á ní, "Ẹ kú ilé o. Èmi ni òkú náà." Lúkmánì á túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ẹ̀rín ò sì ní jẹ́ kó parí rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá ti padà sápò rẹ̀.

Mo bẹ Lúkmánì. Ó ní, "Bàbá, mo ti forí jì yín. Ẹ má ṣáà tún fún mi ní ilé tà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ yáa sọ. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin náà.

Táìlì méjì ló kù lẹ́yìnkùlé. Orí wọn ni Ìyá Àgbà ń jókòó sí láràárọ̀ láti yá oòrùn.