Kámẹ́rà Tí Wọn Kò Dúró Dè

Èmi kò kàwé kọjá pírámárì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí etí mi kò lè gbé: nínú bọ́ọ̀sì Ìjù tó ń dúró de èrò ní Ọ̀tà ni mo ti gbọ́ èyí. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ló jókòó sẹ́yìn mi, kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wá àbùkù lára ìgò wà lórí itan obìnrin náà, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Dúdú ni gbogbo àwòrán rẹ̀. Tó bá tún yọ dúdú lójú ọ̀gá láàárọ̀ yìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

"Àǹtí mi, àṣẹ wo lẹ kọ sínú kọ̀ǹpútà fún un?"

"Mo ní kó lajú, kó ya àwòrán, kó gbé e wá."

"Ẹ ò bi í bóyá ó ti ṣe tán?"

"Èmi ọmọ ènìyàn, kí n máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹ̀rọ?"

"Bí ẹ ṣe máa ń ṣí ìkòkò ẹ̀wà kó tó jinná nìyẹn! Ó ṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, ẹ ti já àwòrán gbà. Ẹ bi í. Tó bá ní rárá, ẹ tún bi í. Ìgbà tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni kí ẹ tó gba àwòrán."

Obìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà títí. Lójijì ló pariwo.

"Ó ti yọ! Àmọ́, etí ta nìyí?"

"Ti bàbá iwájú wa yìí ni. Ọ̀rọ̀ wa ló ń gbọ́, abájọ tí kò fi mì rárá."

Mo yáa kọjú síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti máa wá àbùkù, etí mi ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kò sì rí ẹyọ kan.